Orin Mùínàt tí Ọkọ Rẹ̀ Pín Kiri

Bí ẹ bá bèèrè Fàtíù Dánlóòdù ní Ajah ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, kò sí ọlọ́kadà tí kò ní gbé yín dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láì tún bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà. Wọn ò tíì gbé afárá gba orí Ajah kọjá nígbà náà. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ò ju pákó mẹ́rin àti páànù lọ. Láptọ́ọ̀pù kan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó ń kígbe ju ara rẹ̀ lọ, àti èrò tó tò bí ẹni tó fẹ́ gba sàráà. Fóònù wọn ni wọ́n gbé wá. Fàtíù á yọ mẹ́mórì káàdì inú rẹ̀, á kì í bọ láptọ́ọ̀pù, á da igba orin sí i, onífóònù á sì fún un ní owó tí kò tó ra búrẹ́dì. Fújì ni ẹ fẹ́ o, wákà ni, orin àwọn ọmọ ìwòyí ni, gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Fàtíù. Kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ tó fowó rà.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe òun nìkan. Ará Èkó á ra káàdì ìpè ní àárọ̀, á ra súyà ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ní kó ra odidi àwo orin kan, á wò yín bí ẹni tó ní kó wá ra atẹ́gùn. Ṣé wọ́n ń ra orin ni? Ẹ kàn fi ránṣẹ́ sí òun ni. Olórin tó sùn sí sitúdíò fún oṣù mẹ́fà, tó yáwó, tó ta mọ́tò, ìyẹn kò kan ẹnì kankan. Orin rẹ̀ kàn dùn ni.

Ọgbọ́n méjì ló gbé Fàtíù ga ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fún orin pọ̀. Orin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sitúdíò jáde máa ń wúwo, á gba àyè nínú káàdì. Fàtíù á fún un, á tún un fún, títí ibi tó yẹ kí ogún orin wà á fi gba ọgọ́rùn-ún. Ìlù ìsàlẹ̀ á lọ, ohùn á tín-ín-rín, á máa dún bí ẹni tó ń kọrin látinú korobá, ṣùgbọ́n ta ló ń wo ìyẹn? Iye orin ni àwọn oníbàárà ń kà. Èkejì, ó ti gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín orin kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ lódìkejì títì má baà jí i kó. Bí olórin bá ti ń wọ ibi tó dùn jù, ẹ ó kàn gbọ́ tí Fàtíù á kígbe pé, "Fàtíù Dánlóòdù l'Ajah, òun ni bàbá wọn!" Olè tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Mùínàt. Híjáàbù ló ń rán, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní kéú ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n orin ni Ọlọ́run dìídì fi sí i lára. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ ní Langbasa tàbí ní Badore, wọ́n á ránṣẹ́ sí i. Ohùn rẹ̀ ki nísàlẹ̀, ó mọ́ lókè, bó bá sì fà á dé ibì kan, àwọn àgbà obìnrin á kàn gbá orí mú, wọ́n á máa da omi lójú. Mùínàt fúnra rẹ̀ kò gbà pé òun mọ̀ ọ́n kọ tó bẹ́ẹ̀. Onítìjú èèyàn ni. Ẹ yìn ín lójú rẹ̀, á ní aṣọ òun ti fẹ́ gbẹ lórí okùn, á sì wọlé.

Fàtíù ló rọ̀ ọ́ títí tó fi gbà láti ṣe àwo. Kí owó sitúdíò tó pé, wọ́n ta tẹlifíṣọ̀n ilé wọn àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo fíìmù, wọ́n kó àjọ Mùínàt lé e. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Akínwùmí ni wọ́n ti gba orin méje sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí, Akínwùmí gbé íápíìsì ńlá kan lé Mùínàt létí, ó ní kó gbọ́ ara rẹ̀. Mùínàt gbọ́ ọ, ó sunkún, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ yín yìí mọ irọ́ pa o." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ ẹgbẹ̀rún kan síídì, wọ́n kó páálí rẹ̀ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, síídì mọ́kànlá péré ló tà. Fàtíù rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó ní kì í ṣe pé àwọn èèyàn ò fẹ́ orin yìí, wọn ò tíì mọ̀ ọ́n ni. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ fi ẹyọ kan tọ́ wọn lẹ́nu wò, pé ẹni tó bá dùn mọ́ á wá ra odidi. Mùínàt ní, "Bàbá Ràhmát, tiyín ni mo máa ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo sí i láàárín." Fàtíù ní òun ti gbọ́. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó fún orin méjèèje pọ̀ bó ṣe ń fún ti gbogbo ayé, ó lẹ ohùn rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì dà á sínú gbogbo káàdì tó bá ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ló fi ṣe é o. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún un níbẹ̀. Ó rò pé òun ń gbé ìyàwó òun ga ni.

Kò pé oṣù kan tí orin Mùínàt fi gba ìlú. Wọ́n ń gbọ́ ọ nínú kẹ̀kẹ́, wọ́n ń gbọ́ ọ nídìí ata, àwọn kọ́lékọ́lé ń gbọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn. Síídì ńkọ́? Kò sẹ́ni tó tún rà á. Ta ló máa ra omi nígbà tí odò ń ṣàn lẹ́yìnkùlé rẹ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mùínàt wọ kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ọjà, fóònù oníkẹ̀kẹ́ sì ń kọ orin rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa gbọ́ ọ láti ọjọ́ sitúdíò, nítorí kò sí ẹ̀rọ nílé wọn mọ́, kì í sì í ṣe ẹni tó máa gbé orin ara rẹ̀ lọ sílé onílé pé kí wọ́n bá òun fi sí i. Ohùn tó gbọ́ tín-ín-rín, ó há, ó ń fọ́. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó jókòó tì í ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ìyá yìí ń sunkún ni àbí ó ń kọrin?" Mùínàt sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ, ó fẹsẹ̀ rìn dé ilé.

Kò tiẹ̀ bínú sí ariwo tí ọkọ rẹ̀ pa sáàárín orin. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó bi í pé, "Bàbá Ràhmát, ṣé bí ohùn mi ṣe rí nìyẹn?"

Fàtíù mọ ìdáhùn. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn rẹ kò rí bẹ́ẹ̀, èmi ni mo fún un pa. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, yóò jẹ́wọ́ pé orin méjèèje lòun pín, pé òun náà ló pa ọjà àwo tí wọ́n torí rẹ̀ ta ẹrù ilé. Ojú tì í. Ó ń tún ṣájà kan ṣe lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Bó ṣe rí náà nìyẹn. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Mùínàt ní, "Ó dáa." Láti ọjọ́ náà kò kọrin níta mọ́. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ sí i fún ìsọmọlórúkọ, á ní ọ̀fìnkìn ń ṣe òun. Nígbà tí ọdún yí po, ó kó gbogbo páálí síídì fún àwọn tó ń kó ilẹ̀, Fàtíù dé láti ibi iṣẹ́, ó bá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lófìfo.  Ó ti pa orin Mùínàt tó wúwo, tí kò tíì fún pọ̀, rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tipẹ́ kó lè ráyè fún ti ẹlòmíràn.

Bí ayé ṣe ń yí, dánlóòdù di iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe lórí fóònù ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó nílò Fàtíù mọ́. Abẹ́ afárá ló wà báyìí, tó ń ta ṣájà àti gíláàsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú fóònù. Ràhmát, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Lọ́dún tó kọjá ni gẹ̀gẹ̀ yọ sí Mùínàt lọ́rùn, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ara rẹ̀ yá, ọgbẹ́ jinná, ṣùgbọ́n ohùn kò padà. Dókítà ní irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, pé iṣan tó ń gbé ohùn súnmọ́ ibẹ̀ jù. Wọ́n dúró oṣù mẹ́ta, wọ́n dúró oṣù mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló kù lẹ́nu rẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

Ràhmát ló ṣe ohun tó tú gbogbo ọ̀rọ̀ síta, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe nǹkan kan. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó ní, "Ummí, ẹ wá gbọ́ nǹkan. Ọ̀rẹ́ mi kan post orin yín sí status, 'old is gold' ló kọ síbẹ̀." Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn korobá náà jáde, ó ń já bí aṣọ àlòkù, Fàtíù sì kígbe láàárín rẹ̀ pé òun ni bàbá wọn. Fàtíù tó jókòó nídìí fèrèsé gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ìgbà ọ̀dọ́.

Mùínàt gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ lórí. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Alhamdulillah. Kò kúkú dùn tẹ́lẹ̀. Ọlọ́run ò gba nǹkan ńlá lọ́wọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Fàtíù lára ju abẹ lọ. Ó jáde, ó lọ dúró sẹ́yìn ilé. Irọ́ tó pa lọ́dún náà lọ́hùn-ún ni obìnrin yìí fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Bó bá jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á fi ọkàn balẹ̀ dọjọ́ ikú, á gbà pé ohun tí kò tó nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ òun. Bó bá sọ òtítọ́, yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kó mọ iye ohun tó pàdánù, lẹ́yìn tí kò lè rí i gbà mọ́. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi jẹun dáadáa. Ohun tó wá ń pa á jù ni pé ìyàwó rẹ̀ lè kú láì mọ irú ohùn tó ní, òun Fàtíù ló sì gba ìmọ̀ ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pinnu pé òun á wá orin náà rí bó ṣe rí gan-an, òun á gbé e fún un, ohun tó bá fẹ́ fi òun ṣe kó ṣe é.

Ṣùgbọ́n níbo ni yóò ti rí i? Akínwùmí ti kó lọ sí òkè òkun, ẹ̀rọ tó gba orin sí ti bàjẹ́ kó tó lọ. Lórí ìkànnì, ti korobá nìkan ló wà, pẹ̀lú ariwo Fàtíù. Gbogbo ibi tí orin yẹn dé láyé, ọwọ́ rẹ̀ ló gbà kọjá, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú kan àwọn tó fowó ra síídì. Síídì mọ́kànlá péré ló tà nígbà náà. Àwọn kan ti kú, àwọn kan ti kó lọ, èyí tó rí nínú wọn ní òun ò rántí pé òun rà á rí. Ẹnì kan ló kù, Bàbá Gbàdàmọ́sí, káfíńtà tó kan òrùlé ní Ajah nígbà náà. Ará Lakowe ni.

Fàtíù wọ bọ́ọ̀sì kòrópe lọ sí Lakowe. Ó bá bàbá náà níwájú ilé wọn àtijọ́, lódìkejì ògiri gíga tí wọ́n fi yí ibi tí àwọn olówó ti ń gbá gọ́ọ̀fù ká. Ogbó ti dé sí i, ṣùgbọ́n ó dá a mọ̀.

Ó ní, "Fàtíù Dánlóòdù. Àwọn ọmọ mi fẹ́ gbé fóònù wá bá ẹ nígbà yẹn, mo ní kí wọ́n gbé e wálé. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni orin ọ̀hún. Mo ní bí mo bá kan òrùlé fún èèyàn, ṣé ọ̀fẹ́ ni? Ìyàwó ẹ náà, òrùlé ló kàn."

Fàtíù dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Síídì yẹn gan-an ló gbé mi wá."

Bàbá ní èyí tí òun ń gbọ́ ti họ, ẹ̀rọ òun ti kú lé e lórí, ṣùgbọ́n méjì lòun rà. Òun ra èkejì pa mọ́ fún ọmọ òun obìnrin kan, ọmọ náà sì ti rìnrìn àjò kó tó wá gbà á. Ó wọlé lọ, ó pẹ́, ó sì gbé e jáde. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Mùínàt wà lójú rẹ̀ nínú híjáàbù aláwọ̀ ewé, ó ń rẹ́rìn-ín onítìjú.

Fàtíù fẹ́ mú owó jáde, bàbá gbá ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Mo ti rà á. Mi ò lè tún tà á fún ẹni tó ni ín. Ohun kan ni mo fẹ́ bi ẹ́. Èmi àti ìyàwó mi, kí Ọlọ́run forí jì í, a dúró de àwo kejì. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá sí Ajah ló máa ń ní kí n bèèrè. Kí ló dé tí kò ṣe òmíràn?"

 Fàtíù ní ara Mùínàt ni kò yá. Bàbá ṣàdúrà gígùn fún un, Fàtíù ń ṣe àmín sí i, àdúrà náà ń jó o.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó yá mọ́tò Taofeek, àbúrò rẹ̀ tó ń fi gbé èrò. Tòyótà àtijọ́ ni, òun nìkan ni Fàtíù mọ̀ tó ṣì ní ihò tí wọ́n ń ki síídì bọ̀. Wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, lábẹ́ igi. Mùínàt jókòó síwájú, ó rò pé wọ́n fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ni. Fàtíù gbé gíláàsì sókè, ó tú ọ̀rá ara síídì náà, ó kì í bọ̀ ọ́.

Orin náà bẹ̀rẹ̀. Ìlù ti ìsàlẹ̀ wá, ó wọ àga, ó wọ àyà. Lẹ́yìn náà ohùn yọ, ó kún inú mọ́tò náà, ó ki, ó mọ́, kò sí ẹni tó kígbe sí i láàárín. Mùínàt wo ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ọrùn, sí ojú àpá iṣẹ́ abẹ.

Ó bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ta nìyí?"

"Ìwọ ni."

"Kì í ṣe èmi."

"Ìwọ ni, Mùínàt. Bó ṣe rí gan-an nìyí. Èyí tó wà lórí fóònù gbogbo wọn, èmi ni mo fún un pọ̀ kó lè gba àyè. Gbogbo ẹ̀ ni mo pín, kì í ṣe ẹyọ kan. Lọ́jọ́ tí o bi mí léèrè, mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀. Ojú ló tì mí."

Mùínàt gbọ́ ọ títí orin kejì fi tán. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Fàtíù ní láti tẹ̀ sí i kó tó gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ bá ti fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Fàtíù ní, "Dárí jì mí."

 Mùínàt ní, "Ẹ bọ́ sílẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn."

Fàtíù bọ́ sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó dúró ti mọ́tò náà nínú oòrùn. Kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àyàfi ìlù, ó ń dún gbùm-gbùm lábẹ́ irin. Ohùn kò kọjá gíláàsì. Orin méjèèje lọ tán, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Taofeek dé láti ibi tó ti lọ jẹun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò tíì tán? Èrò ń dúró dè mí."

Fàtíù ní, "Jẹ́ kí wọ́n wá ẹlòmíràn."

Taofeek wo inú mọ́tò. Mùínàt ti gbé orí lé àga, ó di ojú, ẹnu rẹ̀ sì ń lọ. Ó ń bá ohùn náà kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀, ó ń fa ibi tó yẹ kó fà, ó ń gé ibi tó yẹ kó gé. Fàtíù na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, ó rántí pé Mùínàt ní kí òun tì í, ó sì gbé ọwọ́ kúrò.